Fíláàṣì Lábẹ́ Oòrùn Èkó: Ìdáhùn fún Ayafọ́tò Kan ní Sùúrùlérè

Arábìnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ fọ́tò ní Sùúrùlérè ni ó kọ̀wé béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní òun ya ìyá kan tí ó ń ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún ní ìta gbangba, ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, pẹ̀lú gèlè aṣọ òkè lórí rẹ̀. Nígbà tí ó wo fọ́tò náà dáadáa nílé, ihò dúdú méjì ni ó rí níbi tí ó yẹ kí ojú ìyá náà wà, bẹ́ẹ̀ ni ojú ọ̀run sì funfun báláú lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá gbé fíláàṣì kékeré kan sórí kámẹ́rà fún àwọn fọ́tò tí ó kù, ṣùgbọ́n nínú àwọn kan gbogbo fọ́tò funfun, nínú àwọn mìíràn apá ìsàlẹ̀ ṣókùnkùn bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ bò ó. Ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ sọ fún un pé alẹ́ àti inú gbọ̀ngàn ni Ọlọ́run dá fíláàṣì fún. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, àti bí kì í bá ṣe òótọ́, bóyá kí òun lọ wá owó ra fíláàṣì ńlá.

Arábìnrin wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tí ọ̀gá yín sọ kì í ṣe òótọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Nígbà tí fíìmù ni gbogbo wa ń lò, kò sí ojú kámẹ́rà tí ènìyàn lè yẹ̀ wò lẹ́yìn tí ó bá ti tẹ̀ ẹ́. Owó ni a fi ń ra fíìmù, owó ni a fi ń fọ̀ ọ́, ẹni tí ó bá sì ṣi ìṣirò fíláàṣì ṣe nínú oòrùn kò ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá tẹ fọ́tò jáde, nígbà tí oníbàárà ti bọ́ aṣọ ọdún rẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àgbà ayafọ́tò fi ń wá ibòji lọ́sàn-án, tí wọ́n sì ń tọ́jú fíláàṣì wọn di alẹ́. Ọgbọ́n ìṣọ́wóná ni ìyẹn jẹ́ nígbà náà. Ní tòótọ́, ọ̀sán gangan ni fíláàṣì máa ń wúlò jù fún ẹni tí ó ń ya ojú ènìyàn, nítorí pé ọ̀sán ni òjìji máa ń le jù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí oòrùn ṣe sí ìyá náà. Èkó kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, ìwọ̀n mẹ́fà àbọ̀ péré ni ó fi wà ní àríwá rẹ̀, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹrin àti ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹsàn-án, oòrùn máa ń dúró gan-an sí àtàrí wa. Ní àwọn oṣù yòókù ó máa ń yẹ̀ sí àríwá tàbí sí gúúsù, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń ga púpọ̀ lọ́sàn-án. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí ni pé kì í ṣe aago méjìlá ni ó máa ń ga jù ní Èkó. Láàárín aago méjìlá àbọ̀ sí aago kan ni, nítorí pé ibi tí ó jìnnà sí wa ní ìlà-oòrùn ni aago tí à ń lò bá mu. Aago kan tí ẹ ya ìyá náà, àkókò tí ó burú jù lọ nínú ọjọ́ ni ẹ mú. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń bọ̀ láti òkè tààrà á tan iwájú orí, á tan ṣóńṣó imú, á tan èjìká, á sì fi ihò ojú sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Bí gèlè bá tún wá yọ síwájú bí òrùlé, gbogbo ojú títí dé ètè ni yóò bọ́ sábẹ́ òjìji. Ìmọ́lẹ̀ tí ó wà lórí gèlè lè tó ìlọ́po mẹ́jọ èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ojú tiwa máa ń bá irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ mu láìjẹ́ kí a mọ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ní láti yan ọ̀kan: bí ẹ bá ṣí i fún ojú ìyá, ojú ọ̀run á funfun, bí ẹ bá sì dín in kù nítorí ojú ọ̀run, ìyá á dúdú. Fíláàṣì ni yóò dín ìyàtọ̀ yẹn kù, kí ẹ má baà ní láti yan.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání jù nínú gbogbo àlàyé yìí ni pé nínú fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ bá fi fíláàṣì yà ní ìta, fọ́tò méjì ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kan tí oòrùn yà àti ọ̀kan tí fíláàṣì yà, tí wọ́n gbé lé ara wọn. Ìjánu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a fi ń darí wọn. Ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì kì í pẹ́: ó máa ń tàn, ó sì máa ń kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tí a pín sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún mélòó kan tàbí ẹgbẹ̀rún. Bí ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà tí ó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, bá ṣí fún ìdá kan nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá (1/60) tàbí ìdá kan nínú igba (1/200), gbogbo ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì ti wọlé tán kí ó tó pa dé, kò sì sí ìyàtọ̀ kankan fún fíláàṣì. Oòrùn ni kì í dáwọ́ dúró, nítorí náà bí ṣọ́tà bá ṣe pẹ́ sí ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí. Ẹ rí i nísinsìnyí pé ìyára ṣọ́tà ń darí oòrùn nìkan, nígbà tí ihò lẹ́ńsì àti ISO, ìyẹn nọ́ḿbà tí ó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, ń darí àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ojú ọ̀run túbọ̀ ṣú díẹ̀ láìfọwọ́ kan ojú ìyá, kí ó mú ṣọ́tà yára sí i; ẹni tí ó bá fẹ́ kí ojú ìyá túbọ̀ mọ́lẹ̀ láìfọwọ́ kan ojú ọ̀run, kí ó fi kún agbára fíláàṣì.

Ó yẹ kí a máa mú ṣọ́tà yára lọ bí ó ti wù wá nìyẹn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni òkùnkùn tí ẹ rí ti wá. Aṣọ ìkélé méjì ni ó wà nínú ṣọ́tà kámẹ́rà tí ọ̀pọ̀ wa ń lò. Èkíní á ṣí, èkejì á tẹ̀ lé e láti pa á dé. Títí dé 1/200 tàbí 1/250, gẹ́gẹ́ bí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ti rí, àsìkò kan máa ń wà tí èkíní ti ṣí tán pátápátá tí èkejì kò tíì gbéra, ìgbà yẹn sì ni fíláàṣì máa ń tàn. Bí ẹ bá kọjá ìyára yẹn, èkejì á ti gbéra kí èkíní tó dé òpin ìrìn rẹ̀, àlàfo tóóró kan ni yóò máa rìn kọjá níwájú ojú kámẹ́rà, ibi tí aṣọ ìkélé bá sì bò nígbà tí fíláàṣì tàn kò ní rí nǹkan kan gbà. Inú ilé ni ibi náà ti máa ń dúdú kirikiri. Ní ìta, oòrùn ṣì ń tan án, nítorí náà ó máa ń dà bí òjìji kan tí ètí rẹ̀ kò mú, ní ìsàlẹ̀ fọ́tò bí ẹ bá gbé kámẹ́rà ní ìbú, ní ẹ̀gbẹ́ bí ẹ bá gbé e ní òòró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé ọwọ́ àwọn ni ó bo lẹ́ńsì. Bí fíláàṣì yín bá jẹ́ irú èyí tí kò mọ bí a ṣe ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀, kámẹ́rà kò ní dá yín dúró bí ẹ bá gbé ṣọ́tà kọjá ààlà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti wà ní 1/500 láìmọ̀. Ẹ wo inú ìwé kámẹ́rà yín fún iye náà, bí ẹ bá sì ń fi tírígà olówó pọ́ọ́kú tan fíláàṣì láti ọ̀nà jíjìn, ẹ fi í sí 1/160, nítorí àwọn tírígà kan máa ń fa ìdádúró díẹ̀.

Èyí tí gbogbo fọ́tò funfun, ìṣirò ni ó fà á. Àwọn onífíìmù fi òfin kan sílẹ̀ fún wa tí kò tíì bàjẹ́: bí oòrùn bá mú ganrínganrín tí kò sí ìkùukùu, ẹ fi ihò lẹ́ńsì sí f/16 (bí nọ́ḿbà f bá ṣe tóbi sí ni ihò náà ṣe ń kéré sí), kí ìyára ṣọ́tà sì jẹ́ ìdá kan nínú iye ISO. Ní ISO 100, ìyẹn á jẹ́ 1/100 ní f/16, tàbí 1/200 ní f/11, ìmọ́lẹ̀ kan náà ni. Nítorí pé 1/200 ni ààlà fíláàṣì yín, f/11 ni ihò lẹ́ńsì tí oòrùn Èkó ń béèrè lọ́wọ́ yín. Mo ní ìfura pé ẹ fi lẹ́ńsì yín sí f/2.8, nítorí pé ẹ fẹ́ kí ẹ̀yìn ìyá náà rí wúrúwúrú bí gbogbo wa ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ní f/2.8, oòrùn kan náà ń béèrè 1/3200. Bí ṣọ́tà yín bá wá wà ní 1/200 nínú àwọn fọ́tò yẹn, ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ìmọ́lẹ̀ tí ó yẹ ni ẹ jẹ́ kí ó wọlé, kò sì sí bí fọ́tò kò ṣe ní funfun.

Ó kan ọ̀rọ̀ agbára wàyí, èyí tí ó jẹ́ ìdí tí ẹ fi ń ronú owó. Ẹ wo páálí fíláàṣì kékeré yín. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ 60 síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí nọ́ḿbà agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ka àkọlé wínníwínní tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ óò rí i pé nígbà tí orí fíláàṣì sún dé 200mm ni wọ́n wọn iye yẹn. Ní 35mm, nǹkan bí 36 ni yóò kù. Ẹ pín nọ́ḿbà yẹn sí ọ̀nà iye f, èyí tí ó bá jáde ni iye mítà tí fíláàṣì náà lè dé ní ISO 100 bí ẹ bá lo gbogbo agbára rẹ̀. 36 tí a pín sí ọ̀nà 11 jẹ́ mítà mẹ́ta àti díẹ̀. Bí ẹ bá wá na agboòrùn funfun síwájú rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè rọ̀, nǹkan bí ìlàjì nọ́ḿbà náà ni yóò lọ, mítà kan àbọ̀ ni yóò sì kù. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí orúkọ yẹn, pé agboòrùn ni à ń lò láti fi bá oòrùn dọ́gba.

Mítà kan àbọ̀ kò burú rárá. Fọ́tò láti orí dé àyà kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kò sì nílò kí fíláàṣì dọ́gba pẹ̀lú oòrùn pátápátá. Bí ó bá kéré sí i ní ìdajì, ojú ìyá á mọ́lẹ̀ tó, fọ́tò náà kò sì ní dà bí èyí tí a yà ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé a máa ń fi fíláàṣì sílẹ̀ lórí kámẹ́rà, a sì máa ń fà sẹ́yìn ní mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí gèlè lè wọnú fọ́tò tán. Ìmọ́lẹ̀ kì í dín kù bí a ṣe ń rìn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí ẹ bá fi ìlọ́po méjì jìnnà, ìdá kan nínú mẹ́rin ni yóò kù. Ẹni tí ó bá gbé fíláàṣì rẹ̀ kúrò lórí kámẹ́rà, tí ó gbé e sórí sítáǹdì ní mítà kan àbọ̀ sí ojú ìyá dípò mítà mẹ́ta, ó ti ní fíláàṣì mẹ́rin láìná kọ́bọ̀. Kámẹ́rà lè dúró sẹ́yìn níbi tí ó bá wù ú, nítorí ọ̀nà tí ó wà láàárín fíláàṣì àti ojú ni a ń ṣírò. Tírígà tí ó ń lo ìgbì rédíò ni kí ẹ fi tan án o. Àwọn tí ó ń dúró de ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì mìíràn kí wọ́n tó tàn máa ń ya adití lábẹ́ oòrùn, ẹ óò sì rò pé bátìrì ni ó kú.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ f/2.8 tàbí f/4 lọ́sàn-án, ọ̀nà méjì ni ó wà. Èkíní ni èyí tí wọ́n ń kọ ní HSS sára fíláàṣì. Dípò kí fíláàṣì tàn lẹ́ẹ̀kan, á máa ṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ wẹ́wẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà títí àlàfo tóóró yẹn yóò fi rìn kọjá, òkùnkùn kò sì ní hàn mọ́. Àwọn tí ń tà á kì í sọ iye tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Bí ẹ bá ti kọjá ààlà báyìí, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára fíláàṣì lè lọ, bí ṣọ́tà bá sì ṣe ń yára sí i ni fíláàṣì náà ń dín kù pẹ̀lú oòrùn, tí ìjánu tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò fi ní ṣiṣẹ́ mọ́. Bátìrì á yára tán, orí fíláàṣì á sì gbóná. Ọ̀nà kejì ni gíláàsì dúdú tí à ń pè ní ND, èyí tí a ń dè mọ́ iwájú lẹ́ńsì. Èyí tí wọ́n kọ ND8 sí lára máa ń jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́jọ ìmọ́lẹ̀ wọlé, ẹ lè fi í dúró ní 1/200 kí ẹ sì ṣí lẹ́ńsì dé f/4, fíláàṣì á sì máa tàn ní odidi. Ó ń dín fíláàṣì náà kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́ńsì tí ẹ ṣí sílẹ̀ ti dá a padà. Ẹni tí ó ní fíláàṣì kékeré kan ṣoṣo, ND ni mo máa ń ní kó kọ́kọ́ rà, àyàfi bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí wọ́n ń jó, tí wọn kò dúró sójú kan, ni ó fẹ́ yà. Kí ẹ wá ojúlówó o, nítorí ayédèrú máa ń fi àwọ̀ pupa rúsúrúsú kun ara ènìyàn, ara dúdú ni ó sì máa ń hàn lára rẹ̀ jù. Ẹ fi kámẹ́rà mú ojú ìyá dáadáa kí ẹ tó de gíláàsì náà bí lẹ́ńsì bá ń ṣòro láti rí ojú.

Ibi tí ẹ fi oòrùn sí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìṣirò yìí lọ. Mo rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kó ènìyàn sí ojú oòrùn kí ojú wọn lè mọ́lẹ̀, tí ẹni náà á sì máa pa ojú dé bí ẹni tí ata ta sí lójú. Ẹ̀yìn ni kí ẹ fi oòrùn sí, kí ó máa fi ìlà ìmọ́lẹ̀ yí etí gèlè àti èjìká po, kí gbogbo ojú wà nínú òjìji kan náà tí kò ní àbàwọ́n, kí fíláàṣì wá tan ojú yẹn láti iwájú. Nígbà náà ni oòrùn á di fíláàṣì kejì tí ẹ kò san owó fún. Èyí kò ṣeé ṣe ní aago kan tí oòrùn wà lórí àtàrí. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ètí ibòji ni ibi yín, lábẹ́ fàráńdà tàbí igi, kí ìyá dúró sínú ibòji ní ẹsẹ̀ kan péré sí ojú oòrùn. Àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn Àgùdà kọ́ sí agbègbè Campos ní Erékùṣù Èkó dára fún èyí, bí ẹ bá ti gba àyè lọ́wọ́ onílé. Lẹ́yìn aago mẹ́rin, oòrùn ti ń sọ̀ kalẹ̀, ní aago márùn-ún ó sì ti rọ̀ débi tí ẹ lè fi í pa mọ́ sẹ́yìn orí ènìyàn. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland Bridge ti ṣe mí lóore nípa èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí oníbàárà tí ó ní òun ń bọ̀ ní aago méjì fi dé ní aago mẹ́rin àbọ̀, tí ó ń bẹ̀bẹ̀, tí èmi sì ń dúpẹ́ nínú ọkàn mi.

Kí ẹ sì mọ ìhà tí omi wà. Ọ̀pọ̀ ń kó oníbàárà lọ sí etí ọ̀sà ní Yunifásítì Èkó ní Akọka ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń retí kí oòrùn wọ̀ sínú omi lẹ́yìn rẹ̀. Ìlà-oòrùn ni ọ̀sà wà sí ọgbà náà. Àárọ̀ kùtù ni oòrùn máa ń wà lẹ́yìn ẹni tí ó bá kọ ẹ̀yìn sí omi níbẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni yóò máa wọ̀ ọ́ lójú. Marina ní Erékùṣù ni ẹ lè lọ ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí oòrùn ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà Àpápá. Ní àkókò ọyẹ́, eruku á bo oòrùn, òjìji á rọ̀, ìdajì agbára fíláàṣì ni ẹ óò nílò, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run á funfun láìka ohun tí ẹ bá ṣe sí, nítorí náà ẹ wá ògiri tàbí ewé sí ẹ̀yìn ìyá.

Lórí gèlè, àṣìṣe kan wà tí ẹni tí ó kọ́ fíláàṣì láti inú ìwé òyìnbó máa ń ṣe. Wọ́n á ní kí a gbé fíláàṣì sókè gan-an kí ó máa wo ojú láti òkè. Ẹni tí kò dé nǹkan kan lórí ni ìyẹn wà fún. Bí ẹ bá gbé e sókè bẹ́ẹ̀ fún ìyá tí ó we gèlè, gèlè náà á tún ju òjìji mìíràn sí ojú tí ẹ ń gbìyànjú láti gbà sílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ojú rẹ̀, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, kí ìṣẹ́po gèlè lè ní òjìji kékeré tí yóò fi hàn bí wọ́n ṣe we é. J. D. 'Okhai Ojeikere, àgbà ayafọ́tò tí ó di olóògbé ní 2014, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ní 1968. Bí ẹ bá wo àwọn fọ́tò náà, ẹ óò rí i pé òjìji wẹ́wẹ́ tí ó wà láàárín ìdì kan àti èkejì ni ó ń sọ irun di iṣẹ́ ọnà. Fíláàṣì tí ó bá ti orí kámẹ́rà tàn tààrà á pa gbogbo òjìji bẹ́ẹ̀ rẹ́. Abetí-ajá kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀, ẹ ṣáà fi fíláàṣì sí ìhà tí etí fìlà kò wà. Bí ìyá bá wọ awò ojú, ẹ yí fíláàṣì lọ sí ẹ̀gbẹ́ títí tí ẹ kò fi ní rí i nínú awò náà mọ́.

Aṣọ òkè tí ó ní okùn dídán àti léèsì olókùúta máa ń dá ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì padà sínú kámẹ́rà, nítorí náà ẹ má ṣe kọjú fíláàṣì sí àyà; ojú ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ètí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nìkan kan aṣọ. Agbádá funfun máa ń tan kámẹ́rà jẹ. Kámẹ́rà rò pé gbogbo ayé ni ó rí eérú, bí ó bá rí funfun púpọ̀ á sọ fọ́tò di dúdú, bí ó bá rí ara dúdú tí ó gba gbogbo ojú fọ́tò á sọ ọ́ di funfun. Ẹ fi ọwọ́ ara yín to kámẹ́rà àti fíláàṣì, kí ẹ má fi í sílẹ̀ fún un. Ẹ tan ìkìlọ̀ tí ó máa ń ṣẹ́jú lójú kámẹ́rà níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ jù. Bí ojú ọ̀run bá ń ṣẹ́jú, ó ṣeé fara dà, bí agbádá tàbí iwájú orí bá ń ṣẹ́jú, ẹ dín in kù kíákíá. Ara dúdú rẹwà púpọ̀ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí ó fẹ̀ tí ó sì súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n òógùn ọ̀sán á fi àmì funfun sí ibi tí fíláàṣì bá ti kàn án. Ìnujú àti páúdà díẹ̀ wà nínú àpò mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì láti bí ọdún mélòó kan.

Bí aago márùn-ún àbọ̀ bá ti kọjá, oòrùn á máa pọ́n, fíláàṣì yín á sì máa tan ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ti ọ̀sán mu, ojú ìyá á wá dà bí ẹni tí ó dúró sínú ọ́fíìsì nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ wúrà. Ẹ lẹ rọ́bà pẹlẹbẹ aláwọ̀ ọsàn mọ́ iwájú fíláàṣì. Ó ní oríṣiríṣi, èyí tí kò pọ́n púpọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣé kí ẹ wá ra fíláàṣì ńlá? Kò tíì yá. Fíláàṣì kékeré yín ní agbára tí ó tó nǹkan bí 60 sí 75 tí a bá fi òṣùwọ̀n Ws (watt-second, iye iná tí fíláàṣì ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan) wọ̀n ọ́, èyí tí ó ń jẹ́ 200 Ws sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta rẹ̀, èyí tí ó ń jẹ́ 600 Ws tó mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀. Mẹ́jọ dára, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ń fẹ́ ọmọṣẹ́ tí yóò gbé e, ìdá mẹ́rin nínú mẹ́jọ náà ni ẹ sì ti rí lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí ẹ gbé fíláàṣì yín súnmọ́ ìyá. Owó tí ẹ bá ní, ẹ fi ra tírígà rédíò kan, agboòrùn funfun kan pẹ̀lú sítáǹdì, ND8 kan tí ó bá ẹnu lẹ́ńsì yín mu, àti ọ̀wọ́ méjì bátìrì tí a lè máa gba iná sí, mẹ́rin-mẹ́rin. Bí ẹ bá ń rà á ní Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ tan fíláàṣì tàbí tírígà náà ní ogún ìgbà níwájú ẹni tí ó ń tà á, ní gbogbo agbára, kí ẹ tó san owó. Èyí tí ó bá fo ẹ̀ẹ̀mejì níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni yóò fò lójú oníbàárà. Bátìrì kò gbọdọ̀ sùn sínú mọ́tò tí oòrùn ń sán sí.

Agboòrùn lórí sítáǹdì jẹ́ ìgbòkun, èyí kò sì hàn sí mi títí di ọjọ́ kan ní etí omi ní Marina, tí afẹ́fẹ́ gbé tèmi tòun ti fíláàṣì lé kọnkéré, tí ojú fíláàṣì náà fọ́ yángá níwájú ọkọ àti ìyàwó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ra àpò píọ́ wọ́tà kan kí n tó gbé sítáǹdì dúró. Ogún ọ̀rá inú rẹ̀ tó nǹkan bí kìlógíráàmù mẹ́wàá, ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ sítáǹdì, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu ún títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ní ti ìyá yẹn, ẹ pè é padà bí ó bá ṣeé ṣe, ní aago márùn-ún. Oòrùn lẹ́yìn rẹ̀, ISO 100, 1/200, ẹ kọ́kọ́ ya ojú ọ̀run nìkan láìtan fíláàṣì, kí ẹ máa yí ihò lẹ́ńsì títí àwọ̀ ọ̀run yóò fi tẹ́ yín lọ́rùn. Ó lè jẹ́ f/8, ó lè jẹ́ f/5.6. Ojú ìyá á dúdú nínú fọ́tò àkọ́kọ́ yẹn, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ gbé fíláàṣì nínú agboòrùn sí mítà kan àbọ̀, ní ìdajì agbára, ẹ tún un yà, kí ẹ fi kún un tàbí kí ẹ dín in kù ní ìdajì-ìdajì. Bí ó bá jẹ́ pé ó kó ọmọ àti ọmọ-ọmọ mẹ́wàá dání, tí wọ́n fẹ́ dúró láti orí dé ẹsẹ̀, mítà kan àbọ̀ kò ní ká wọn. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ wá 600 Ws yá lọ́wọ́ ẹni tí ó ní in, kí ẹ sì fi owó rẹ̀ kún iye tí ẹ bá pè fún wọn.